Ta Ni Àdánù Máa Já Lé Lórí? Àlàyé Lórí Iṣẹ́ Ìlú Tí Ìjọba Bá Gbé Fún Aládàáni

Bí ìròyìn bá jáde ní Àbújá pé ìjọba fẹ́ gbé ọjà kan, ilé ìwòsàn kan tàbí ibùdókọ̀ kan fún aládàáni láti máa bójú tó, ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń gba ẹnu àwọn èèyàn wa. Àwọn kan á ní, "Wọ́n ti tà á nìyẹn." Àwọn mìíràn á ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ìjọba o jàre, bóyá a ó tiẹ̀ rí i lò." Ẹ lọ sí ìpàdé onílé ní Kubwa tàbí ní Lugbe, ẹ ó gbọ́ méjèèjì kí wọ́n tó parí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ohùn á sì ti máa lọ sókè. Ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé àwọn tó ń jiyàn náà kì í sọ̀rọ̀ lórí nǹkan kan náà. Ẹnì kan ní iná mànàmáná tí wọ́n tà lọ́dún 2013 lọ́kàn, ẹnì kejì ń ro ti ọkọ̀ ojú irin tí àwọn ará Ṣáínà kọ́, ẹnì kẹta ń rántí ilé ìwòsàn Garki. Ọ̀nà mẹ́ta tó yàtọ̀ síra pátápátá nìyẹn, ọ̀kan péré nínú wọn ló sì jẹ́ àjọṣepọ̀ ìjọba àti aládàáni gan-an, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń pè ní PPP.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú Àbújá bẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà ló kọ́ ọ, ẹ̀yáwó 500 mílíọ̀nù dọ́là láti Exim Bank ti ilẹ̀ Ṣáínà ló sì gbé apá tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀. Wọ́n ṣí i lóṣù keje ọdún 2018. Ó ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, ó dúró, ó sì wà lójú kan títí Ààrẹ Tinubu fi tún un ṣí lóṣù karùn-ún ọdún 2024. Kọ́ńtírákítọ̀ ni iléeṣẹ́ tó kọ́ ọ. Ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, ó gba owó rẹ̀. Bí èrò wọ ọkọ̀ náà, bí èrò ò wọ̀ ọ́, kò kàn án. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ fi dúró yẹn, gbèsè rẹ̀ ò dúró, ọrùn Nàìjíríà ló sì wà.

Ti iná mànàmáná yàtọ̀. Lóṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ kó àwọn iléeṣẹ́ tó ń pín iná lé aládàáni lọ́wọ́. Ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n tà, ìjọba di ìdá 40 mú. Èyí tó ń pín iná fún Àbújá, Kogi, Niger àti Nasarawa, 164 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ta ìdá 60 tirẹ̀ fún àwọn tó ń jẹ́ KANN. Ọjà títà nìyẹn. Ẹni tó rà á lè fi í jogún fún ọmọ, ó sì lè tún un tà.

Ti ilé ìwòsàn Garki ni àjọṣepọ̀. Lọ́dún 2007, ìjọba FCT gbé e fún Nisa Premier, tí wọ́n ti ní ilé ìwòsàn tiwọn ní Àbújá tẹ́lẹ̀, pé kí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́ fún ọdún 15. Ìjọba ló ni ilẹ̀, ìjọba ló ni ilé. Aládàáni ló ń gba dókítà àti nọ́ọ̀sì síṣẹ́, òun ló ń ra ẹ̀rọ, òun ló sì ń gba owó lọ́wọ́ aláìsàn. Bí ọdún bá pé, ilé á padà sọ́wọ́ onílé. Lábẹ́ àdéhùn yìí ni Garki fi di ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ kíndìnrín fún aláìsàn nílẹ̀ wa. Nǹkan méjì ló sì máa ń bá irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ rìn: iṣẹ́ á sàn sí i, iye tó wà lórí bílì náà á sì ga sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ìkíní láìfẹ́ gbọ́ èkejì, ẹ máa wò ó.

Àwọn tó bá ti rí bí ẹbí ṣe ń gbé ilẹ̀ bàbá wọn tó wà lójú títì sílẹ̀ fún oníṣòwò ti mọ bí àjọṣepọ̀ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹbí nílẹ̀, wọn ò lówó. Oníṣòwò lówó, kò nílẹ̀ lójú títì. Wọ́n á fọwọ́ sí ìwé pé kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, kó máa gba owó háyà rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, lẹ́yìn náà kó kó kọ́kọ́rọ́ fún ẹbí. Gbogbo ìjà tó máa ń bẹ́ sílẹ̀ lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ti ìjọba. Ìgbà wo ni ọdún mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ni àbí ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù parí? Bí símẹ́ńtì bá di ìlọ́po méjì kí ilé tó kan òrùlé, ta ni yóò san àlékún? Bí ayálégbé ò bá wá, ṣé oníṣòwò lè bèèrè fún ọdún mẹ́ta sí i? Bí ìjọba bá wá wó iwájú ṣọ́ọ̀bù láti fẹ títì, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n á gbé owó gbà-má-bínú lọ? Ẹbí tí kò bá bèèrè nǹkan wọ̀nyí kí wọ́n tó tẹ̀ka, kóòtù ni àwọn ọmọ wọn yóò ti bèèrè rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ka "ta ló ni ín" sí tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó jẹ mí lógún ni pé bí nǹkan bá yí padà, ta ni àdánù máa já lé lórí? Nítorí nǹkan á yí padà dandan. Àdéhùn ogún ọdún ní Nàìjíríà á rí ààrẹ bíi mélòó kan, á rí mínísítà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, á rí owó epo tó gòkè àti náírà tó ṣubú. Àwọn kan rò pé torí owó nìkan ni ìjọba ṣe ń wá aládàáni. Ẹ rò ó wò. Báńkì lè yá ìjọba lówó, èlé tí wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ ìjọba sì sábà máa ń kéré sí èyí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ lásán. Bó bá jẹ́ ti owó nìkan ni, kí ìjọba yá a fúnra rẹ̀ ni ì bá dín ìnáwó kù. Ohun tí ìjọba ń sanwó fún gan-an ni pé kí ẹlòmíràn bá a gbé ewu: ewu pé iṣẹ́ á pẹ́, ewu pé ìnáwó á lé ní iye tí wọ́n dá, ewu pé èrò tàbí oníbàárà ò ní tó bí wọ́n ṣe rò. Bí ìwé àdéhùn bá wá rọra dá gbogbo ewu náà padà sórí ìjọba, a ti san owó aláàárù fún ẹrù tí orí ara wa ló ṣì wà.

Ewu tó ń ba irú àdéhùn yìí jẹ́ jù nílẹ̀ wa ni ti dọ́là, mo sì fẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ẹ wo ìlú Manila ní Philippines. Lọ́dún 1997, ìjọba ibẹ̀ pín iṣẹ́ omi ìlú náà sí méjì, wọ́n gbé apá ìlà oòrùn fún iléeṣẹ́ kan, wọ́n gbé apá ìwọ̀ oòrùn fún òmíràn tó ń jẹ́ Maynilad. Nínú gbèsè tí àjọ omi ìjọba ti jẹ sílẹ̀ lókè òkun, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n gbé lé Maynilad lórí. Ọdún yẹn kan náà ni owó àwọn orílẹ̀-èdè Éṣíà já wálẹ̀, ti Philippines náà sì bá wọn já. Owó omi ń wọlé ní péésò, àwọn tó yáni lówó ń dúró de dọ́là. Iléeṣẹ́ náà ò lè mí mọ́, ó padà sọ́wọ́ ìjọba, wọ́n sì tún ní láti wá olùrà mìíràn fún un. Iléeṣẹ́ ti ìlà oòrùn, tí gbèsè tirẹ̀ fúyẹ́, ń bá iṣẹ́ lọ títí ó fi ń jèrè. Ìlú kan náà ni, ọdún kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Àbújá náà rí tirẹ̀. Nínú 164 mílíọ̀nù dọ́là tí KANN fi ra iléeṣẹ́ iná, 122 mílíọ̀nù ni wọ́n yá lọ́wọ́ báńkì UBA. Lọ́dún 2013 yẹn, dọ́là kan kò tó 165 náírà. Nígbà tí ọdún 2021 fi ń parí lọ, ó ti lé ní 400 ní iye tí ìjọba ń kà á, ká má tíì sọ ti àwọn aláàárín tó ń ṣẹ́ dọ́là ní Wuse Zone 4. Náírà ni àwọn tó ń san owó iná ní Garki àti ní Mararaba ń san. Iye tí wọ́n sì lè bù lé iná náà kò sí lọ́wọ́ iléeṣẹ́, ọwọ́ NERC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, ló wà, àjọ náà kò sì jẹ́ kó gòkè tó iye tí iná ń ná wọn. Lóṣù kejìlá ọdún 2021, báńkì gba ìdá 60 náà nítorí gbèsè. Lọ́dún 2023, Transcorp wá rà á. Mi ò sọ pé dọ́là nìkan ló fà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lo iná tí wọn kì í sanwó, àwọn ọ́fíìsì ìjọba sì wà lára àwọn tó ń jẹ gbèsè jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn Manila kó tó tẹ̀ka á ti mọ ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jọ̀wọ́ náírà, tí dọ́là ti ṣí kúrò ní nǹkan bí 460 lọ kọjá 1,500 kó tó pé ọdún kan, àdéhùn tí owó rẹ̀ ń wọlé ní náírà tí gbèsè rẹ̀ wà ní dọ́là ti di ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi gíláàsì kà.

Ewu tún lè yọ́ kẹ́lẹ́ wá bá aráàlú. Káàkiri Nàìjíríà, bí tiransifọ́mà bá jóná, ó ti di àṣà kí àdúgbò dáwó ra tuntun, kí wọ́n gbé e kalẹ̀, kó sì di ti iléeṣẹ́ iná láti ọjọ́ náà. NERC ti ṣe ìlànà lórí èyí láti ọdún 2015: kí àdúgbò tó ná owó, kí àwọn àti iléeṣẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n sì máa fi iná tàbí owó san án padà fún wọn. Mélòó nínú wa ló bèèrè fún ìwé náà kí àpótí ìdáwó tó jáde?

Gbólóhùn kan tún wà tí àwọn aláṣẹ fẹ́ràn púpọ̀: "Ìjọba ò ní ná kọ́bọ̀ kan lórí iṣẹ́ yìí." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi gbólóhùn yìí yangàn níwájú bàbá ará Ọ̀fà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó sì ti ń gbé Àbújá tipẹ́. Bàbá ní, "Ọmọ mi, ta ni yóò wá san án?" Ó fèsì, "Ẹ̀yin bàbá, iléeṣẹ́ náà ni o." Bàbá gbójú sókè, ó ní, "Ṣé oko owó ni iléeṣẹ́ náà ń dá ni?"

Bàbá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Aládàáni yá owó ní báńkì, ó gbọ́dọ̀ dá a padà pẹ̀lú èlé, kó sì jèrè. Bí owó náà kò bá ti ọwọ́ ẹni tó ń lo nǹkan náà wá, á ti àpò ìjọba wá lọ́dọọdún. Bí kò bá ti ibì kankan nínú méjèèjì wá, ilẹ̀ ni wọ́n fi san án.

Ti ẹni tó ń lò ó, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Nígbà tí NERC sọ lóṣù kẹrin ọdún 2024 pé àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, yóò máa san 225 náírà lórí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan dípò nǹkan bí 68, ẹni tó bá ń ra káàdì iná mọ ìgbà tí owó náà kúrò lápò ìjọba bọ́ sí tirẹ̀. Ti àpò ìjọba lọ́dọọdún ni kì í hàn sójú. Aládàáni á kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tàbí ọ́fíìsì, ìjọba á máa sanwó fún un lọ́dún kọ̀ọ̀kan fún ogún ọdún níwọ̀n ìgbà tí ilé náà bá ṣì dára. Gbèsè ni, àmọ́ ó lè má hàn nínú ìwé gbèsè tòní. Gómìnà tó fọwọ́ sí i á ti kúrò lórí oyè kí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ tó di sísan.

Ti ilẹ̀ ni Àbújá mọ̀ jù. Nígbà tí Bala Mohammed jẹ́ mínísítà FCT, láàárín ọdún 2010 sí 2015, ìjọba gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní land swap. Ó dùn létí. Ìjọba ò lówó láti la títì, láti fa omi, gọ́tà àti iná wọ àwọn àdúgbò tuntun. Kí aládàáni gba ilẹ̀ ńlá, kó ṣe gbogbo rẹ̀, kó wá máa ta ilẹ̀ náà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé, kó fi rí owó rẹ̀ kó. Kọ́bọ̀ ò jáde lápò ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn Gbagyi ti wà lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú pé Àbújá á di olú ìlú. Ta ni yóò san owó gbà-má-bínú fún wọn, ta ni yóò sì kọ́ ilé tí wọ́n á kó lọ? Ìbéèrè yìí dá nǹkan dúró púpọ̀. Èkejì, tí ó burú jù lójú tèmi, ni pé ilẹ̀ Àbújá ń gbówó lórí lójoojúmọ́, yálà a la títì síbẹ̀ tàbí a ò là á. Ẹni tó ti gba ilẹ̀ tán kò ní ohun tó ń lé e. Bó bá jókòó tì í, ó ń jèrè. Bí wọ́n bá ń yọ ilẹ̀ fún un díẹ̀díẹ̀, bí títì ṣe ń dé ibi kan ni ilẹ̀ ibẹ̀ ń di tirẹ̀, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Gbólóhùn kan nínú ìwé àdéhùn ló tó láti yí ìwà èèyàn padà bẹ́ẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ omi. Ẹ̀rù tó máa ń ba àwọn èèyàn ni pé bí omi bá bọ́ sọ́wọ́ aládàáni, mẹ̀kúnnù ò ní lè rà á mọ́. Ẹ̀rù náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní Cochabamba, ní Bòlífíà, owó omi gòkè lẹ́yìn tí wọ́n gbé e fún iléeṣẹ́ àjèjì kan, aráàlú kún ojú títì, ó sì di dandan kí ìjọba fagi lé àdéhùn náà lóṣù kẹrin ọdún 2000. Ṣùgbọ́n ẹ jáde sí àwọn àdúgbò ẹ̀yìn ìlú Àbújá láàárọ̀. Omi láti ìdídò Lower Usuma ní apá Bwari ń dé àárín ìlú. Ọ̀pọ̀ ibi tí mẹ̀kúnnù pọ̀ sí ni páìpù rẹ̀ kò tíì kàn. Mai ruwa, ọmọkùnrin tó ń ta omi kiri, ló ń bẹ níbẹ̀. Ọmọkùnrin náà ti to kẹ́ẹ̀gì lítà 25 sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ ní ìlà méjì, kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé òróró rí, tí ó fi ọ̀rá dí lẹ́nu nítorí ìdérí rẹ̀ ti sọnù tipẹ́. Bó bá dé orí òkè, á yí ẹ̀yìn sí kẹ̀kẹ́ náà, á máa fi ẹ̀yìn tì í gun òkè. Ìyá olóúnjẹ á ti máa pè é láti ọ̀ọ́kán pé kó má kọjá òun. Bí ẹ bá ṣírò iye tí ìyá yẹn ń san lórí lítà kan, ó pọ̀ ju ti ẹni tí omi ẹ̀rọ ń yọ nílé rẹ̀ ní Maitama lọ. Aládàáni ni mai ruwa náà. Tirẹ̀ kàn jẹ́ èyí tí kò ní àdéhùn, tí kò ní ẹni tó ń yẹ omi wò, tí kò sì sí àjọ tó ń dá iye lé e.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àpẹẹrẹ tí mo mọ̀ ni ti Dakar, ní Senegal. Lọ́dún 1996, wọ́n pín iṣẹ́ omi níbẹ̀ sí méjì. Iléeṣẹ́ ìjọba kan, SONES, ló ni páìpù àti ilé iṣẹ́ omi, òun ló sì ń yá owó láti ṣe tuntun. Iléeṣẹ́ aládàáni kan, SDE, ló ń pín omi, tó ń gba owó, tó sì ń tún ibi tó bá ń jò ṣe. Ìpín SDE ń wá láti ara omi tó tà tí owó rẹ̀ wọlé. Bí omi tó ń ṣòfò nínú páìpù bá kọjá ìwọ̀n tí wọ́n dá, àpò SDE ló ń kàn. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe pín ewu: gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn, tí ìjọba lè yá ní èlé tó rọjú, wà lọ́wọ́ ìjọba, omi jíjò àti owó gbígbà, tí aládàáni mọ̀ ọ́n ṣe, wà lọ́wọ́ aládàáni. Ìrànwọ́ sì wà fún àwọn ilé tí kò lówó láti fi omi wọlé. Ó lé ní ogún ọdún kí iṣẹ́ náà tó bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ mìíràn lọ́dún 2020. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dar es Salaam ní Tanzania, níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn omi ọdún mẹ́wàá lọ́dún 2003, tí ìjọba sì fagi lé e lóṣù karùn-ún ọdún 2005.

Òfin náà ní ipa tirẹ̀, àwọn onímọ́tò Àbújá sì kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ lójú títì. Àwọn tó ń wa mọ́tò ní Wuse àti Garki ní nǹkan bí ọdún 2013 á rántí àwọn tó ń gba owó ìgbọ́kọ̀sí: aláṣọ kan náà, ìwé pélébé lójú gíláàsì, àti ìdè irin tí wọ́n á fi de táyà bí owó bá ti tán. Ìjọba FCT ló gbé iṣẹ́ náà fún àwọn iléeṣẹ́ aládàáni. Lọ́dún 2014, Ilé Ẹjọ́ Gíga FCT dá a dúró, ó ní kò sí òfin tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó fún wọn láṣẹ láti máa gba owó náà. Àwọn iléeṣẹ́ ti náwó, wọ́n ti gba òṣìṣẹ́. Ìwé tí wọ́n gbójú lé ni kò ní ìpìlẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni ìbéèrè "òfin wo ló fún yín láṣẹ?" ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ní ìtumọ̀ létí ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ti iye ọdún náà ò kéré. MMA2 ní Ìkẹjà, tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà kọjá bí a bá fẹ́ wọkọ̀ òfuurufú lọ sílé ọdún, ṣí lọ́dún 2007. Bi-Courtney tó kọ́ ọ ní ọdún 36 ni àdéhùn òun, FAAN, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn pápákọ̀ òfuurufú, ní ọdún 12 ni. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín 12 àti 36. Iléeṣẹ́ yẹn kan náà ni ìjọba gbé títì Èkó sí Ìbàdàn fún lọ́dún 2009, tí ìjọba sì gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù kọkànlá ọdún 2012 nígbà tí iṣẹ́ ò tẹ̀síwájú. Ẹ̀yin tó bá ti sun títì yẹn mọ́jú lọ́jọ́ tí ẹ ń ti Àbújá bọ̀ wálé kò nílò àlàyé mi.

Nítorí irú nǹkan báwọ̀nyí ni òfin ọdún 2005 tó dá àjọ ICRC sílẹ̀ ṣe wà. Àjọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2008, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti yẹ àdéhùn ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú aládàáni wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, kó sì máa tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Iléeṣẹ́ mínísítà á kọ́kọ́ fi ìṣirò hàn pé iṣẹ́ náà lè dá owó ara rẹ̀ padà, ICRC á fọwọ́ sí i, wọ́n á pe àwọn iléeṣẹ́ láti wá díje, wọ́n á tún ìṣirò náà ṣe, kó tó dé iwájú ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà. Lọ́dún 2025, ìlànà tuntun jáde pé iṣẹ́ tí kò bá tó bílíọ̀nù 20 náírà fún iléeṣẹ́ mínísítà, tàbí bílíọ̀nù 10 fún àwọn àjọ abẹ́ wọn, kò ní láti dé iwájú ìgbìmọ̀ náà mọ́. Ó á mú nǹkan yá. Ó tún túmọ̀ sí pé ojú tó ń wo àwọn àdéhùn kéékèèké náà ti dín, àwọn kéékèèké yẹn, bí ibùdókọ̀, ọjà àti ilé ìtura, ló sì sún mọ́ wa jù. Òfin ICRC kò de àwọn ìpínlẹ̀. Kano, Kaduna, Niger àti àwọn yòókù ń lo ìlànà tiwọn. Nígbà mìíràn, ìjọba méjèèjì á wà nínú iṣẹ́ kan, bíi èbúté orí ilẹ̀ Dala ní Kano tí wọ́n ṣí lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, tí aládàáni kọ́ lábẹ́ àṣẹ ìjọba àpapọ̀, tí ìjọba Kano sì gbé ipa tirẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìwé àwọn àdéhùn ìjọba àpapọ̀, ICRC ṣí ojúlé kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún un lọ́dún 2017. Bí èyí tí ẹ ń wá kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìjọba tó fọwọ́ sí i. Òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti ọdún 2011 fún wọn ní ọjọ́ méje láti dá yín lóhùn, ẹ kò sì ní láti sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Lóṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀, nítorí náà ẹni tó wà ní Mararaba lè kọ̀wé sí ìjọba Nasarawa bí ẹni tó wà ní Nyanya ṣe lè kọ̀wé sí FCT.

Àwọn ìwé náà gùn. Bí ẹ kò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó sọ̀rọ̀ nípa bí àdéhùn ṣe lè tú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ iye tí ìjọba máa san sí bí òun bá lé aládàáni lọ, àti iye tó máa san bí aládàáni bá kùnà fúnra rẹ̀. Ní Lekki, níbi tí wọ́n ti gbé títì fún iléeṣẹ́ kan fún ọgbọ̀n ọdún, tí owó ibodè sì dá wàhálà sílẹ̀ lọ́dún 2011, kò pẹ́ tí ìjọba Èkó fi ra ẹ̀tọ́ náà padà. Bí iye méjèèjì yẹn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín, aládàáni náà kò gbé ewu kankan, ẹ sì lè kọ ìyẹn sínú lẹ́tà tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí aṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin.